Wáyà funfun yẹn kì í ṣe neutral o: àlàyé lórí síso mótò pọ́ǹpù two-speed mọ́ hot tub

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Houston pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, kò tiẹ̀ dúró kí n kí òun, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "Àbúrò, mótò tuntun tí mo rà yìí ti ń rùn o." Mo ní báwo ló ṣe ń rùn, ó ní bí ìgbà téèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí léèsì. Àwọn tó ta ilé fún un níbẹ̀ ló fi hot tub kan (ọpọ́n ńlá omi gbígbóná téèyàn ń jókòó sínú ẹ̀) sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, odindi ọdún kan ló fi ń fi í ṣe fáàrí fún wa lórí fídíò, nígbà tó yá pọ́ǹpù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dì lókùn, ó sì gan pa. Ó bá ra mótò mìíràn, ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó bá wáyà mẹ́rin nínú kébù ẹ̀, dúdú kan, pupa kan, funfun kan, aláwọ̀ ewé kan. Ó ní ṣebí wáyà náà ni, funfun ni neutral (wáyà tí iná ń gbà padà), aláwọ̀ ewé ni earth (èyí tó ń lọ sílẹ̀), dúdú àti pupa ni iná, kí ló wá kù. Ó so wọ́n bó ṣe yé e, ó gbé bréékà sókè. Low, ìyẹn sípíìdì kékeré, ṣiṣẹ́, omi ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú ẹ̀ dùn, ó pe ìyàwó ẹ̀ pé kó wá wò ó. Ìgbà tó tẹ bọ́tìnnì jets (àwọn ẹnu tó ń fi agbára tú omi jáde) báyìí, mótò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò lágbára, òórùn dé.

Mótò tí mò ń wí kì í ṣe ọkọ̀ o, ẹ̀rọ iná tó ń yí pọ́ǹpù ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò sì le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé e, ibi kan ṣoṣo ló ti máa ń da èèyàn rú, ìyẹn ni àwọ̀ wáyà. Wọ́n ti kọ́ wa pé funfun jẹ́ báyìí, pupa jẹ́ báyìí, a sì gbà á bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé nínú hot tub, àwọ̀ ò lè jẹ́rìí ohunkóhun. Plate ara mótò (ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀ sí) àti ohun tí wọ́n kọ sára bọ́ọ̀dù hot tub (pátákó inú ẹ̀ tó ń darí iná) nìkan ló lè jẹ́rìí. Tẹ́ ẹ bá mú ìyẹn, gbogbo ìyókù á já síra wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó máa lọ: mi ò ní kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó wá sọ ara ẹ̀ di electrician. Iná 240 àti omi téèyàn máa jókòó sínú ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, kì í ṣe ibi tá a ti ń dánra wò. Àmọ́ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa sanwó fẹ́ni tó ní láísẹ́ǹsì ni (èyí tí mo fara mọ́ jù), ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe lójú yín, torí mo ti rí ẹni tí wọ́n gbowó mótò méjì lọ́wọ́ ẹ̀, tó sì jẹ́ kapásítọ̀ kékeré lásán (agolo ẹ̀yìn mótò tó ń tọ́jú iná) ló bà jẹ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ohun náà ti wá. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní Jacuzzi yẹn, orúkọ ìdílé kan ni, àwọn ará Italy tó kó wá sí California, tí wọ́n ń ṣe pọ́ǹpù. Ọmọ kan nínú ẹbí wọn ní àrùn oríkèé látìgbà tó ti wà ní kékeré, omi gbígbóná tó ń rú ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, ní 1956 wọ́n gbé pọ́ǹpù kan jáde tí wọ́n pè ní J-300, téèyàn lè gbé sínú ọpọ́n ìwẹ̀ ilé ara ẹ̀. Ẹ rí i pé pọ́ǹpù ló ṣáájú, ọpọ́n ẹ̀yìn ló dé. Títí dòní bẹ́ẹ̀ náà ló rí, hot tub tí pọ́ǹpù ẹ̀ kú, agbada omi lásán ni, ẹ̀fọn á sì fi ṣe ilé láìpẹ́.

Iṣẹ́ méjì ni pọ́ǹpù yìí ń ṣe, ìdí tí wọ́n fi fún un ní sípíìdì méjì nìyẹn. Low ni èyí tó ń rọra yí omi kó lè gba inú fílítà àti inú híítà kọjá, wákàtí àti wákàtí ló lè fi wà lórí ẹ̀ lójúmọ́. High ni ti jets, èyí tó ń lu ẹ̀yìn yín bíi pé ìyá àgbà kan ń bá yín wọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà tí iná wọn ń lù ní 60 hertz (ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), high máa ń yí tó nǹkan bí ìgbà 3450 ní ìṣẹ́jú kan, low á yí ìdajì ẹ̀, nǹkan bí 1725. Sípíìdì ni ìdajì o, àmọ́ agbára tí omi ń gbà lọ́wọ́ pọ́ǹpù kì í ṣe ìdajì, ó máa ń já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyẹn ló jẹ́ kí low lè ṣiṣẹ́ mọ́jú kí bíìlì iná má pa yín. (Mótò fúnra ẹ̀ máa ń fi díẹ̀ ṣòfò lórí low, torí náà owó iná ò ní já wálẹ̀ tó yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ẹ̀ hàn.)

Báwo ni mótò kan ṣe wá ń yí ní sípíìdì méjì? Ẹ rántí fáànù onídùúró tó wà ní pálọ̀ bàbá yín, èyí tó ní bọ́tìnnì 0, 1, 2, 3. Tẹ́ ẹ bá tẹ 3, èyí tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ta sókè fúnra ẹ̀, pá! Wáyà kọ̀ọ̀kan ló wá láti ara bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, wáyà kan ṣoṣo wà tí gbogbo wọn jọ ń lò láti padà, ìyẹn ni common. Bẹ́ ẹ bá wá fi ìka méjì tẹ 1 àti 3 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (ẹ má purọ́, gbogbo wa la ṣe é rí), fáànù á máa kùn, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì gbóná. Àwọn tó ṣe é ò fẹ́ kí méjèèjì wọlé pọ̀, ìdí tí èyí fi ń ta sókè nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ èkejì nìyẹn.

Mótò hot tub náà bẹ́ẹ̀ ni, àfi pé fáànù máa ń lo kọ́ìlì kan tí wọ́n já lójú ọ̀nà síbí sọ́hùn-ún, ti hot tub ní kọ́ìlì méjì tó dá dúró, ọ̀kan tí wọ́n we lójú méjì fún high, ọ̀kan tí wọ́n we lójú mẹ́rin fún low. Ojú tó bá pọ̀ ló ń mú un lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn méjèèjì pàdé ní common. Torí náà ẹ kà á báyìí: high, low, common, àti earth. Wáyà mẹ́rin, iṣẹ́ mẹ́rin. Bọ́ọ̀dù inú hot tub ló wà nípò bọ́tìnnì fáànù, relay inú ẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tó ń fi iná ṣí tó sì ń fi iná pa, ló ń rí sí i pé high àti low ò gba iná pọ̀ láé, torí bí wọ́n bá gbà á pọ̀, kọ́ìlì kan á ní ká máa sáré, èkejì á ní ká máa rìn, àárín wọn ni mótò á ti jó.

Ó wá ku common, ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú nìyẹn.

Nílé wa ní Nàìjíríà, tó bá jẹ́ single-phase, wáyà méjì ló ń wọ ilé: live kan (èyí tó ń gbé iná wá) àti neutral kan, 230 láàárín wọn, lọ́jọ́ tí NEPA bá rántí wa. Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló ń wọ ilé wọn, live méjì àti neutral kan láàárín. Láti live èyíkéyìí sí neutral, 120 ni. Láti live kan sí live kejì, 240. Tíkẹ́tù, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, 120 ni wọ́n ń lò. Hot tub ńlá, áàsì àti kúkà iná, 240 ni wọ́n ń lò, ìyẹn túmọ̀ sí pé mótò tó ń lo 240 ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú neutral rárá. Láti live kan wọlé, láti live kejì jáde, ó tán.

Nígbà tó sì jẹ́ pé kébù kan náà tó ní dúdú, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé ni ilé iṣẹ́ ń lò fún pọ́ǹpù 120 àti pọ́ǹpù 240, funfun ló sábà máa ń di common. Lórí pọ́ǹpù 120, common yẹn á lọ bá neutral, òótọ́ ni nígbà náà pé funfun ni neutral. Lórí pọ́ǹpù 240, common yẹn ń lọ bá live kejì. Funfun ni lójú, live ni nínú. Ẹni tó bá dì í mú pé neutral ni, 120 lá gbé e láti ibẹ̀ sílẹ̀, pàápàá tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá tutù, ẹsẹ̀ ta ni kì í tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ hot tub?

Ní tòótọ́, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí mo ti bá pàdé, dúdú ni high, pupa ni low, funfun ni common. Mo sọ pé ọ̀pọ̀, mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀. Mo ti rí èyí tí pupa ti jẹ́ high, tí dúdú jẹ́ low. Mo sì ti rí èyí tẹ́nì kan ti tún ṣe níjọ́ kan tí wáyà tó kù nílé ẹ̀ ò tó, ó bá fi aláwọ̀ búlúù kún un. Torí náà, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ṣí ìdérí bọ́ọ̀dù, ẹ wo ibi tí plọ́ọ̀gì pọ́ǹpù wọlé, wọ́n á ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù tàbí sára àwòrán wáyà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: èwo ni high, èwo ni low, èwo ni common. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ orúkọ tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú hot tub tiyín.

Ẹ wá lọ sẹ́yìn mótò tuntun. Ìdérí kékeré kan wà níbẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì ló dì í mú. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí wáyà ń kì bọ̀, nọ́ńbà tàbí lẹ́tà wà lára wọn. Àwòrán bí wọ́n ṣe ń so ó máa ń wà lára sítíkà mótò tàbí lẹ́yìn ìdérí yẹn gan-an. Àṣìṣe kejì tó wọ́pọ̀ jù rèé: èèyàn á ya fọ́tò mótò àtijọ́ (ó dáa), á wá rí i pé funfun wà lórí 4, á bá fi funfun sórí 4 mótò tuntun (kò dáa). Nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kejì. Kódà ilé iṣẹ́ kan náà lè yí i padà láti mótò kan sí òmíràn. Fọ́tò mótò àtijọ́ wúlò láti fi mọ iṣẹ́ tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ẹ gba iṣẹ́ yẹn, ẹ gbé e lọ síbi tí sítíkà mótò tuntun bá pè ní iṣẹ́ kan náà. High lọ bá high, low lọ bá low, common lọ bá common. Ẹ má fi nọ́ńbà bá nọ́ńbà, ẹ má fi àwọ̀ bá àwọ̀.

Ohun tí bùọ̀dá mi ṣe gan-an nìyí, a jókòó lórí fídíò la fi tú u wò. Funfun, tó jẹ́ common láti bọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí ẹnu low mótò. Pupa, tó jẹ́ low, ó gbé e sórí ẹnu common. Dúdú nìkan ló bọ́ síbi tó yẹ. Ẹ wá rò ó wò: nígbà tí bọ́ọ̀dù ní kí low ṣiṣẹ́, iná gba pupa wọlé ó gba funfun jáde, ìyẹn láti common sí low, kọ́ìlì low ló wà láàárín wọn lóòótọ́, mótò ò mọ̀ pé wọ́n ti gbé e sódì, ó ń yí. Ó fi bẹ́ẹ̀ tàn án jẹ. Àmọ́ nígbà tí bọ́ọ̀dù ní kí high ṣiṣẹ́, iná gba dúdú wọlé, ó gba funfun jáde, láti ẹnu high dé ẹnu low, ó di dandan kó gba inú kọ́ìlì méjèèjì kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì. Kò sí mótò tí wọ́n ṣe fún ìyẹn. Kùn, gbóná, rùn.

Tẹ́ ẹ bá kàn gbé high àti low fún ara wọn, tí common sì wà níbi tó yẹ kó wà, ìyẹn ò burú tó bẹ́ẹ̀. Hot tub á kàn máa ké kíkan láàárín òru nígbà tó yẹ kó máa rọra yí omi, tẹ́ ẹ bá sì tẹ jets, á wá dẹwọ́. Bíìlì iná lẹ máa fi mọ̀ tí ẹ ò bá tètè gbọ́ ariwo ẹ̀.

Tí sítíkà bá ti pa rẹ́ ńkọ́? Omi àti kẹ́míkà máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tí iná ti kúrò, tí wáyà kankan ò sì so mọ́ mótò, ẹ gbé mítà sórí ohms (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà), ẹ wọn ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní méjì méjì. Common sí high ló máa kéré jù, common sí low á pọ̀ jù ú lọ, high sí low ló máa pọ̀ jù, torí ó jẹ́ àròpọ̀ méjì yòókù. Ká ní ẹ rí 1.5, 4 àti 5.5: àwọn méjì tó fún yín ní 5.5 ni high àti low, ẹnu tó ṣẹ́ kù ni common, èyí tó fún yín ní 1.5 pẹ̀lú common ni high. Ó rọrùn, àmọ́ ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí kò hàn sójú. Àwọn mótò kan wà tó jẹ́ pé kódà tẹ́ ẹ bá tan low, kọ́ìlì high ni wọ́n fi ń gbéra, súwíìṣì kan tó wà lẹ́yìn ṣáfútì (ọ̀pá tó ń yí láàárín mótò), tó ń fi ìyísáré mọ ìgbà, ló máa gbé e bọ́ sórí low tó bá ti sáré tó. Nígbà tí irú mótò bẹ́ẹ̀ bá dúró, ẹnu low ẹ̀ ti so pọ̀ mọ́ kọ́ìlì high nínú lọ́hùn-ún, mítà á sì fún yín ní ìṣirò tí ò bára mu. Bẹ́ ẹ bá rí i pé àròpọ̀ ò bọ́ sí i, ẹ má fipá mú un, ẹ gba àwòrán mótò yẹn lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ rírà mótò ṣáájú. Àwọn èèyàn máa ń wo horsepower nìkan. Horsepower ara mótò hot tub, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ọjà ni lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn kan tiẹ̀ máa ń kọ SPL síbẹ̀, ìyẹn "ti àrà ọ̀tọ̀", kẹ́ ẹ má baà béèrè iye gan-an. Amps, ìyẹn iye iná tí mótò ń fà, ni kẹ́ ẹ wò. Méjì ni wọ́n máa ń kọ, ti high àti ti low. Kó bá ti àtijọ́ mu tàbí kó súnmọ́ ọn gan-an, torí bọ́ọ̀dù àti fíúùsì yín, amps ni wọ́n mọ̀. Ẹ wo fóltéèjì náà: ọ̀pọ̀ mótò two-speed ló jẹ́ fóltéèjì kan ṣoṣo, yálà 115 tàbí 230 (bí wọ́n ṣe ń kọ 120 àti 240 sára plate nìyẹn), kì í ṣe méjèèjì. Mótò 115 tẹ́ ẹ bá fún ní 230, èéfín ló máa kọ́kọ́ jáde. Mótò 230 tẹ́ ẹ bá fún ní 115, á máa kùn bí oyin láìgbéra.

Ìyẹn tán, ó ku frame, ìyẹn ìwọ̀n ara mótò. Ẹ máa rí 48Y tàbí 56Y lára plate. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àwàdà: ẹ fi 16 pín in, ẹ máa rí gíga àárín ṣáfútì sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mótò ní ínṣì. 48 á fún yín ní ínṣì 3, 56 á fún yín ní ínṣì 3 àtààbọ̀. Mótò 56 ò lè bọ́ sójú ihò orí pọ́ǹpù 48, bó ti wù kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ tó.

Nígbà tó bá wá di iṣẹ́ fúnra ẹ̀: bréékà sílẹ̀, kì í ṣe bọ́tìnnì orí hot tub o, bréékà. Ní Amẹ́ríkà òfin iná wọn, Article 680, fi dandan lé e pé hot tub gbọ́dọ̀ ní GFCI, ìyẹn bréékà tó máa já tí iná bíńtín, nǹkan bíi milliamp 5 péré, bá ṣi ọ̀nà gbà, àti pé súwíìṣì kan tó ń gé iná hot tub kúrò gbọ́dọ̀ wà tí ojú lè rí láti ibi hot tub, tó sì fi ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 5 jìnnà sómi. Ẹ lọ pa á níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan dè é kí ọmọ ilé kan má lọ gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ẹ fi mítà wọn ọ́n, láti ẹnu kan sí èkejì, àti láti ẹnu kọ̀ọ̀kan sí earth. Òdo ni kẹ́ ẹ rí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́yìn mótò, èyí tó rí bí agolo, ó lè tọ́jú iná pamọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa bréékà, ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ tú iná inú ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má fi sukudíráfà kan án bí àwọn rewáyà kan ṣe máa ń ṣe láti fi ta sípáàkì fún wa wò.

Ẹ tún mọ èyí: nígbà tí mótò bá ń ṣiṣẹ́ lórí high, ẹnu low tó dà bíi pé kò sí iná lórí ẹ̀ yẹn, iná wà níbẹ̀. Kọ́ìlì kan ń fi agbára tì í sínú ìkejì, bí tìráńsífọ́mà ṣe ń ṣe. Torí náà "èyí ò ṣiṣẹ́ báyìí, mo lè fọwọ́ kàn án" kò sí níbẹ̀ rárá.

Wáyà earth aláwọ̀ ewé lọ sórí síkúrù ewé nínú mótò. Òmíràn ṣì wà níta, wáyà bàbà líle kan tí wọn ò fi rọ́bà bò, nọ́ńbà 8, tó máa ń so mọ́ ara mótò láti ìta. Bùọ̀dá mi ní òun rò pé àpọ̀jù ni, ó ti gé e dànù. Háà! Wáyà yẹn ló ń mú kí gbogbo irin tó yí omi ká wà ní ipò kan náà, kí iná má baà rí ìyàtọ̀ tó máa gbà lára yín kọjá. Ẹ dá a padà síbi tó wà, kó fún dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé mótò tuntun wọlé láìbéèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́, a jẹ́ pé ẹ ó tún padà wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, síìlì ló pa á. Síìlì ni òrùka méjì, ọ̀kan bíi tánganran, tó dí ojú ibi tí ṣáfútì ti wọ inú omi. Tó bá gbó, omi á máa kán tó, tó, tó sínú bẹ́rìn iwájú, bẹ́rìn á dípẹtà, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, ẹlẹ́dẹ̀ tí mo sọ lókè nìyẹn, lọ́jọ́ kan á gan. Síìlì tuntun kì í wọ́n rárá sí owó mótò. Ẹ yí abẹ̀bẹ̀ tó ń gbá omi kúrò lórí ṣáfútì, ẹ di ẹ̀yìn ṣáfútì mú pẹ̀lú sípánà kó má baà máa yí tẹ̀ lé yín, ẹ fi síìlì tuntun sí i, ẹ má fi ọwọ́ olóròóró kan ojú méjì tó ń kan ara wọn.

Ẹ̀yin tó ń béèrè bóyá ẹ lè fi wáyà yí apá ibi tó ń yí sí padà, bíi ti ẹ̀rọ ìlọta three-phase tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ wáyà méjì, á máa yí padà sẹ́yìn: rárá. Single-phase lèyí. Ẹ gbé live méjèèjì fún ara wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́, ibi tó ń yí sí náà lá máa yí sí.

Àwọn tó ń di hot tub tokunbo sínú kọ̀ǹténà lọ sí Lekki, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Iná wa nílé, 50 hertz ni. Mótò tí wọ́n ṣe fún 60 á máa yí ní nǹkan bíi 2850 dípò 3450, jets ò ní lágbára tó, mótò á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ torí pé irin inú ẹ̀ ò bá 50 hertz mu ní fóltéèjì yẹn. Ẹ ra mótò 50 hertz, ó san jù. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé nílé wa, tí live kan àti neutral kan ló wà, common á wá lọ bá neutral, funfun á wá di neutral lóòótọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà yẹn ń retí live méjì àti neutral kan, àwọn nǹkan kéékèèké inú ẹ̀ tó ń lo 120 wà níbẹ̀, bẹ́ ẹ bá lọ fún wọn ní 230 wọ́n á jó lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó tan án.

Bùọ̀dá mi ra mótò kejì. Electrician kan wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, èmi wà lórí fídíò. A ṣí fáàfù méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù, a bu omi kún hot tub, a dẹ nọ́ọ̀tì orí páìpù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há síbẹ̀ jáde, nítorí pọ́ǹpù tó ń yí láìsí omi, síìlì tuntun ló máa kọ́kọ́ jó. Wọ́n gbé bréékà sókè. Low: ó ń rọra kọrin, electrician fi mítà tí wọ́n ń fi gbá wáyà mú wọn ọ́n, amps tí wọ́n kọ sára plate ló rí. Ó tẹ jets: omi ta sókè, amps gòkè lọ sí ti high, kò kọjá ẹ̀. Mo gbọ́ tí bùọ̀dá mi pariwo, mo rò pé iná ti gbé e, àṣé ó ti bọ́ sínú omi pẹ̀lú kèǹbè. "Àbúrò! Omi yìí ò gbóná!" Mo ní ìgbà wo lẹ tan híítà, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní bùọ̀dá, ìwọ̀n Fahrenheit mẹ́ta sí mẹ́fà ni híítà ń fi kún un láàárín wákàtí kan, ẹ jáde níbẹ̀, ẹ dé e, ẹ lọ jẹun alẹ́.